Èyí Tí Ó Ń Kẹ́yìn

Ilé wa wà nísàlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ wa wà lókè, lápá Màpó n'Ìbàdàn, níbi tí ọ̀nà ti ga bí àkàbà. Àwa mẹ́rin la jọ máa ń jáde láàárọ̀: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan, àti àbúrò mi tó kéré jù. Ká tó gun òkè náà dé ìdajì, àbúrò mi á ti kẹ́yìn. Á dúró, á fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé. Ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́ lẹ́yìn wa: "Ẹ dúró dè mí o!" Ẹ̀gbọ́n wa á pè é ní ọ̀lẹ. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, òun jẹ́ mẹ́fà, ohun tí mo sì mọ̀ kò ju pé bí a bá pẹ́, ẹgba wà lẹ́nu géètì.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ò tó òkè yẹn í gùn.

Orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ọ́. N kò ní kọ orúkọ náà síbí torí òun ló ni ín, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dúró". Nítorí náà, bó ṣe ń bẹ̀ wá lójú ọ̀nà pé ká dúró, gbogbo ilé ló ń bẹ òun náà láti ọjọ́ ìkómọ pé kó dúró. Àwọn méjì ti wá ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró, ọ̀kan kí wọ́n tó bí mi, ọ̀kan lẹ́yìn mi. Èyí tó tẹ̀lé mi, ìyá mi sọ pé ó jẹun alẹ́, ó ṣeré, ó sùn. Nígbà tó di òru, ikùn rẹ̀ le, ó sì wú lápá òsì, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Kí àwọn tó dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Ìyá àgbà ní ó ti padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba kan nínú ìlú Ìbàdàn kan náà yìí kí n tó fẹ̀yìntì. Àyẹ̀wò tí mo ṣe jù níbẹ̀ ni èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní jẹ́nótáìpù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ló ń ka ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sì ń tẹ lẹ́tà méjì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Eré ìje la ń mú ẹ̀jẹ̀ sá.

A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí táìlì funfun, a ó fi omi là á kí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè bẹ́, kí pupa inú wọn tú jáde. A ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé e, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin, tí a ti rẹ sínú omi tí a ń pè ní bọ́fà. A ó tẹ́ bébà yìí sínú àpótí oníke, kí etí rẹ̀ méjèèjì kan omi lọ́tùn-ún lósì, a ó dé e, a ó tan iná sí i. Iná yẹn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ìlà pupa kékeré tí a tẹ̀ síbẹ̀ á ti máa rìn lójú ẹni. Nínú àwọn oríṣi èròjà pupa tó wà, A ló ń yára jù. S á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. C ní tirẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ kúrò níbi tí a fi í sí. Bí ènìyàn bá jẹ́ AA, ìlà kan ṣoṣo la ó rí, níwájú pátápátá. Bó bá jẹ́ AS, ìlà méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ SS, ìlà kan á dá wà lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ á ṣófo. Bí iná bá lọ láàárín eré, ohun gbogbo á dúró sójú kan, ìlà á sì fẹ̀ bí tàdáwà tí omi kàn. A ó dà á nù, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí S tó dá kẹ́yìn lórí bébà, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ọ̀gá wa ń ṣàlàyé fún wa. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Òkè Màpó ni mo ń wò.

Irú eré yìí náà ni Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ sá ní California, tí wọ́n fi kéde ní 1949 pé inú èròjà pupa ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àrùn sickle cell, èyí tó ń mú ẹni tó bá jẹ́ SS, fi ṣe ilé. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé nínú ègé 146 tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan, ègé kan péré ló yàtọ̀. Ègé kan yìí ló dín agbára tí iná fi ń fa S kù, ìdí nìyẹn tí kò fi lè bá A dọ́gba. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti 1910, ní Chicago, níbi tí dókítà James Herrick ti kọ nípa ọmọ Grenada kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn eyín, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Felix Konotey-Ahulu, ọmọ Ghana, tọpa rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ dé 1670, ó sì kọ ọ́ pé chwechweechwe ni àwọn Gã ń pè é, orúkọ tó dún bí ẹni tí ìrora ń jẹ lẹ́nu.

Àwa náà ní tiwa. Fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó sọ àrùn náà ní orúkọ yìí ti jókòó ti aláìsàn rí. Ó ti wà nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń sunkún lóru, tí ẹni tí wọ́n ń sunkún lé lórí sì ń bèèrè ẹ̀kọ lọ́jọ́ kejì. N kò bá orúkọ náà jà, mo mọ ibi tó ti wá. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí nínú rẹ̀: ó ń fi àwọn tó wà níta lọ́kàn balẹ̀ jù. Ó kú lónìí, á dìde lọ́la, kí ló wá kù? Àwọn méjì tí ìyá mi bí ò dìde.

Ọmọ tó jẹ́ SS kì í gbé àmì wá sáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó fi wà nínú oyún, tí a ń pè ní F, ṣì kún ara rẹ̀, F yìí ni kì í jẹ́ kí S ráyè. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni F ń dín kù, nígbà tí ọmọ bá sì fi máa tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, S á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí ìyá sábà máa ń kọ́kọ́ rí ni pé ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ wú, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà wú, ó kún bí àkàrà, ó gbóná, ọmọ ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Wọ́n á ní ẹnì kan ló fà á lọ́wọ́ yẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àbúrò mi ti dàgbà ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé àwọn lé ọmọ ọ̀dọ̀ kan lọ nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó wú nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ. Ọmọ Ṣakí ni ọmọbìnrin náà, kò tíì ju ọdún mẹ́tàlá lọ. Ó búra, ó sunkún, wọn ò gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá mọ òótọ́, wọ́n wá a dé Ṣakí kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́. Wọn ò rí i. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, wọ́n ṣì máa ń dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó wú ọwọ́ ọmọ náà kò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó dára rọ̀ bí amọ̀ tí a ti pò, ó lè sún ara rẹ̀ kì kó gba ojú iṣan tó tóóró ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń lò tó 120 ọjọ́ nínú ara. Sẹ́ẹ̀lì tó kún fún S, bó bá ti já afẹ́fẹ́ tó gbé sílẹ̀, á le, á tẹ̀, á há sójú ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì kọ lù ú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé mọ́, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún ni sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń lò kó tó fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ láìdúró yìí ló ń jẹ́ kí ojú aláìsàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń ní ibà pọ́njú ló ń ṣe é.

Ibà pọ́njú ni wọ́n tọ́jú lára àbúrò mi. Wọ́n tọ́jú lákúrègbé. Wọ́n tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí. Ní 1984, tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn kékeré tí a ń lọ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó, ó fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀ tó yọ síta, ó ní kó dùbúlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn. Lẹ́yìn náà, ó bi ìyá mi léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n rí nílé ìwòsàn: "Mọ́mì, ọmọ mélòó lẹ ti bí?" Ìyá mi ka àwa tí a wà láàyè fún un. Ó ní, "Gbogbo wọn, Mọ́mì." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀, kò kọ nǹkan kan, ó ń gbọ́ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ti mọ àìsàn àbúrò mi. Ìwé tó dé lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kàn wá jẹ́rìí sí i ni.

Bàbá mi, tí wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn rí pé ẹbí ìyá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, yọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. AS. Ìyá mi, AS. Wọn ò sọ gbólóhùn yẹn mọ́ láyé wọn. Ìyá àgbà bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ohun tó mú àwọn méjì yẹn náà nìyí?" Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a ó yẹ̀ wò mọ́. Ṣùgbọ́n ikùn tó le lápá òsì lóru, ètè tó funfun, èmi mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ọlọ inú ọmọ náà ló gbé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mì.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa máa ń fi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àbíkú ṣe yẹ̀yẹ́. N kò bá wọn ṣe é rí. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS; ibà pa nínú wọn, èéyi pa nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa rí i pé ilé kan wà tí ikú kan náà ń tún wọ̀, pé ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà ni, wọ́n sì fún ohun tí wọ́n rí lórúkọ. Ohun tí ojú wọn ò tó ni ìlà tó wà lórí bébà.

Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá jẹ́ AS, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan o. Ó pọn dandan kí n tẹnu mọ́ ìyẹn, torí mo ti pàdé tọkọtaya tó ní àwọn ti san tàwọn tán lórí ọmọ àkọ́kọ́, pé mẹ́ta tó kù á bọ́. Oyún kejì ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oyún àkọ́kọ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ní Nàìjíríà ló gbé S kan, ẹ̀fọn ló sì fà á: Anthony Allison ló fi hàn ní 1954 pé S kan ṣoṣo máa ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tó ń pani. Bí S ṣe pọ̀ láàárín wa nìyẹn. Ọmọ tó bá wá gbé méjì, ibà tí ì bá fojú fo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí Paludrine, oògùn tó ń dènà ibà, fi wà nínú oògùn ojoojúmọ́ wọn.

Paludrine kan, fọ́líìkì kan, omi púpọ̀. Bí ìtọ́jú àbúrò mi ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, ó sì gbé e dé ibi tó gbé e dé. Nígbà ọyẹ́, ìyá mi á wọ súwẹ́tà méjì fún un àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, wọ́n á di ìgò omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ra orin àta fún un pẹ̀lú, ó ń rún un láàárọ̀. Èmi tó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rò pé ìgbàgbọ́ lásán ni, àfìgbà tí mo ka iṣẹ́ tí Abayomi Sofowora àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lloydia ní 1971, pé omi gbòǹgbò igi orin àta ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ nà padà nínú ìgò. Láti inú àgbo ìdílé P. O. Ogunyale náà, tí wọ́n fi iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ṣe, ni àwọn onímọ̀ ìjọba ní Abuja ti ṣe Niprisan. Ilé-iṣẹ́ tó wá ń ṣe é tà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo àgbo, kó má torí rẹ̀ dá Paludrine ọmọ dúró.

Ìrora náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kíráísìsì, n kò mọ̀ ọ́n lára. Mo bi àbúrò mi léèrè lẹ́ẹ̀kan pé báwo ló ṣe ń rí. Ó ronú pẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ rò ó pé wọ́n ti ọwọ́ yín mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹ wá rò ó pé wọn ò ṣí ilẹ̀kùn náà." 

Ní òru kan nínú ọyẹ́ 1999, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn kan tí kì í ṣe tiwa. Kò sunkún. Àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ kì í sunkún. Wọ́n ti lo omijé wọn tán lọ́mọdé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ìka kan gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbá a, ó ń gbá a, bí ẹni ń ka owó. Nọ́ọ̀sì bi í pé oògùn wo ló máa ń gbà. Ó dárúkọ abẹ́rẹ́ náà, ó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo rí i tí ojú obìnrin náà yí padà. Ó kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n jù." Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó. Ìka náà ò dúró.

Mo mọ ohun tó ń ba nọ́ọ̀sì náà lẹ́rù. Abẹ́rẹ́ pentazocine ti di bárakú fún àwọn kan, mo mọ méjì tó pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohun kan ti ń ṣe láti oṣù mẹ́jọ, tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, báwo ni kò ṣe ní mọ orúkọ oògùn rẹ̀? Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Ìlú Ọba ni pé kí oògùn ìrora ti wọ ara irú aláìsàn yìí kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó dé. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Kò gba ju kí ẹnì kan gbàgbọ́ pé ohun tí òun ò fojú rí ń ṣẹlẹ̀ nínú eegun ẹlòmíràn. Ọmọ Ṣakí yẹn náà, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

N kò lè máa sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kí n pa tàwa mọ́. Tọkọtaya kan wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ní kí wọ́n ṣe jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ti ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù àyẹ̀wò kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fi gíláàsì sí ìwé èsì rẹ̀, wọ́n gbé méjèèjì lé orí tábìlì mi. AA. AA. Ọmọ ọwọ́ wọn jẹ́ SS. Ọkùnrin náà ò wo ìyàwó rẹ̀ lójú. Ó jókòó sórí àga tó jìnnà sí i. Ìyàwó náà ò sì sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn ń fi etí ìró nu imú ọmọ. Mo mọ ohun tó wà nínú yàrá náà pẹ̀lú wa. Mo gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, mo mú un sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí mo mọ̀ dájú pé AS ni, bó ṣe yẹ kí gbogbo wa máa ṣe nígbà gbogbo. Ìlà méjì. Ìlà méjì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di pé mo pè wọ́n wọlé, mo gbé bébà náà sójú iná kí ọkùnrin náà lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wò ó pẹ́. Ó dìde, ó lọ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àṣìṣe yẹn kì í ṣe iṣẹ́ Èṣù. Ẹnì kan ò fi ẹ̀jẹ̀ tó mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kò mọ̀. Ẹnì kan kọ orúkọ sára ìgò tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà mìíràn sì rèé, ọmọ ló ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí a wá ń ka A ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀ mọ́ S tirẹ̀, tí a kọ AS fún un, tí a ní kí ìyá rẹ̀ máa yọ̀ lọ sílé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá kẹ́ ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀: ṣé wọ́n ti fún un lẹ́jẹ̀ láìpẹ́? Gbólóhùn kan ni.

Nǹkan ti yàtọ̀ sí ti ìgbà wa. Oògùn hydroxyurea wà báyìí, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ní 1998. Ó ń pe F padà, ẹ̀jẹ̀ inú oyún tó dáàbò bo ọmọ fún oṣù mélòó kan yẹn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń lò ó kì í ní ìrora tó ti tẹ́lẹ̀, ibà wọn dín kù, ẹ̀mí wọn sì ń gùn sí i. Ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, lọ́dọ̀ Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ ọmọ. Bó bá ti tó 200 sẹ̀ntímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú iṣan ti ń fún nìyẹn, bí odò ṣe máa ń ru gùdù níbi tó bá ti tóóró, rọpárọsẹ̀ sì lè wà lọ́nà. Ní òpin 2023, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún àbùdá inú mùdùnmúdùn ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ó ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Inú mi dùn sí i. Àbúrò mi, tó ti pé àádọ́ta ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn nítorí eegun ìbàdí rẹ̀ tó ti jẹrà, gbọ́ ọ lórí rédíò nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, ó pè mí, ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ti rí i o." A jọ dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi wà jù ni ìbẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ní 2006 pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí lọ́dún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ ohun tó mú wọn lọ. Kumasi ní Ghana ti ń yẹ ọmọ tuntun wò láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong. Ní Jamaica, Graham Serjeant àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá láti máa fọwọ́ wá ọlọ inú ọmọ wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bó bá ń wú, ikú irú èyí tó pa ẹni tó tẹ̀ lé mi sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe é.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, mo máa ń lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní àdúgbò wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. A ní páálí kékeré kan tó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń mọ̀ bóyá àwọn lóyún. A ó gún gìgísẹ̀ ọmọ, a ó kán ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan sí i, a ó dúró díẹ̀. Kò nílò iná. Ààyè A wà lórí rẹ̀, ààyè S, ààyè C.

Oṣù tó kọjá, ìyá ọ̀dọ́ kan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wá. Ọmọ náà sanra, ojú rẹ̀ funfun kedere, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Mo dúró ti páálí náà. Ìlà S yọ. Mo ń wo ààyè A. Mo dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ohun tó yọ síbẹ̀. Mo sọ fún un pé a ó tún fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kó lè dájú, mo sì sọ ohun tí mo rò pé ó máa jẹ́ fún un, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó bèèrè pé, "Màmá, ṣé àbíkú ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé ó máa dúró?" 

Mo ní kó tẹ́ ọmọ sórí itan rẹ̀. Mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo tẹ́ ìka rẹ̀ pẹlẹbẹ sábẹ́ ìhà òsì ọmọ, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó dúró kí ọmọ mí sínú. "Kí lo gbọ́ lọ́wọ́?" 

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ó dáa. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láràárọ̀ tó o bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, kó o wá a. Ọjọ́ tí nǹkan bá le níbẹ̀, má dúró de ẹnikẹ́ni." 

Ọmọ náà ń ta ẹsẹ̀. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó tún gbé e padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ojú, ó ń wá a.